ÒKÚTA Ẹ̀BÁ Ọ̀NÀ ÀTI WÁYÀ OJÚ ÌSỌ̀: ÌTÀN ÌFỌKÀNTÁN NÍNÚ ỌJÀ TÍTÀ NÍ Ọ̀FÀ ÀTI AGBÈGBÈ RẸ̀

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra mílíìkì tàbí ọṣẹ ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kéékèèké ní Ọ̀fà lóde òní kì í wọ inú ìsọ̀ náà. Ìta ni yóò dúró sí, níwájú irin tí wọ́n fi dí ojú fèrèsé, tàbí wáyà tí wọ́n kàn mọ́ igi láti òkè dé ilẹ̀. Yóò nawọ́ sí ohun tí ó fẹ́, yóò dárúkọ rẹ̀, yóò ti owó gba inú ihò kékeré tí wọ́n dá sí ojú wáyà náà, kí ọjà tó gba inú ihò kan náà jáde sí i. Olùtà wà nínú bí ẹni tí wọ́n há mọ́lé. Olùrà wà níta bí ẹni tí wọ́n fura sí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ń bínú sí èkejì. Ó ti di àṣà.

Bí àwọn àgbàlagbà bá rí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn: pé láyé àtijọ́, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń pàtẹ ọjà sí láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, olè kì í sì í jí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún òótọ́ náà ni ó yẹ ní yíyẹ̀wò, èyí tí ó sọ pé ọmọ aráyé ìgbà náà ni ó dára, tí tòde òní sì bàjẹ́. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ìfọkàntán inú ọjà àtijọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn rere nìkan. Ó ní àwọn ohun tí ń ṣọ́ ọ, ó sì ní ààlà. Nígbà tí agbára àwọn olùṣọ́ náà dínkù, tí ọjà sì ré kọjá ààlà wọn, ni irin gba ipò wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èrò méjèèjì yìí kò kéré. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ènìyàn ni ó bàjẹ́, kò sí ohun tí ó kù ju kí oníkálukú lọ ra àgádágodo tí ó tóbi sí i. Bí ó bá jẹ́ pé olùṣọ́ ni ó lọ, a jẹ́ pé a lè béèrè irú olùṣọ́ tí ayé òde òní lè ní.

2. Ọjà tí kò ní olùtà

Ìlànà ọjà ẹ̀bá ọ̀nà kò ṣòro. Obìnrin tí ń lọ sí oko yóò dúró ní oríta tàbí lábẹ́ igi ńlá, yóò to ọsàn, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀dùnkún ní òkìtì òkìtì, yóò sì fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan. Iye òkúta ni iye owó. Èrò tí ń kọjá yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé ọjà, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí obìnrin náà bá ń ti oko bọ̀, yóò kó owó rẹ̀ àti ọjà tí ó kù. Nígbà tí owó ẹyọ ń ṣiṣẹ́, owó ẹyọ ni òkúta ń kà. Nígbà tí owó ẹyọ kógbá wọlé, ó di kọ́bọ̀. Àṣà yìí tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, kò sì parẹ́ ní kíákíá ní àwọn ọ̀nà oko.

Bí a bá wo àṣà náà fínnífínní, a ó rí i pé ó kéré tán, ohun mẹ́rin ni ó ń ṣọ́ òkìtì ọsàn tí kò ní olùṣọ́ náà.

Èkínní ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà oko kì í ṣe títì ọba. Àwọn ará abúlé kan náà ni wọ́n ń gbà á láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì mọ ara wọn ní orúkọ, ní oríkì àti ní agbo ilé. Bí àjèjì bá gba ibẹ̀ kọjá, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé àjèjì kọjá.

Èkejì ni ààlè. Àkísà, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tàbí ohun àlòkù mìíràn tí a so pọ̀ tí a sì gbé kọ́ ara ohun ìní, ọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ sí ẹni tí ó bá fẹ́ nawọ́ sí i: pé ohun yìí ní olóhun, àti pé olóhun ti fi ẹni tí ó bá jí i lé àwọn agbára kan lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí ẹni tí ń kọjá mọ irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó tó kí ó mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn gbà pé ó wà.

Ẹ̀kẹta ni ìtìjú, èyí tí ó ju ti ẹnì kan lọ. Bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó láti ìdílé mìíràn, wọn a máa wádìí. Lára ohun tí wọ́n ń wádìí ni bóyá olè wà nínú ilé náà. Ìwà olè ọmọ kan lè ba ọ̀nà ìgbéyàwó àwọn àbúrò rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó da àrán bo orí, aṣọ olè ni ó dà bora. Ìyà olè kì í parí sí ara olè.

Ẹ̀kẹrin ni pé ọjà náà kéré. Kò sí ìtàn tí ó sọ pé wọ́n ń pàtẹ iyùn tàbí àrán sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú òkúta. Ohun tí ènìyàn lè tọrọ kí wọ́n sì fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Ohun tí ó níye lórí ń bẹ nínú yàrá, tàbí lójú olóhun.

Kókó kan wà tí àwọn tí ń yin ayé àtijọ́ kì í sábà rántí. Ọ̀rúndún kan náà tí òkúta fi ń ṣọ́ ọsàn ní ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ọ̀rúndún tí ènìyàn kò lè dá rìn ní ọ̀nà jíjìn láìbẹ̀rù pé wọn yóò kó òun lẹ́rú. Ogun Jálumi jà ní 1878. Ogun Kírìjì kò parí pátápátá títí di 1893. Láàárín ìgbà náà ni àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, tí wọ́n sì dúró tì í títí ìlú náà fi fọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi tú ká. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ ni àwọn oníṣòwò ń kọ́ rìn, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí ó dìhámọ́ra, wọ́n sì ń san owó fún oníbodè lẹ́nu ibodè. Ọjà tí ń lọ láti ìlú kan sí èkejì kò ní òkúta tí ń ṣọ́ ọ. Ìbọn ni ó ń ṣọ́ ọ. Ìfọkàntán àtijọ́ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Ibi tí ojú ẹni tí ó mọni bá mọ ni ó ń mọ.

3. Ojú irin, káńtà àti àwìn

Ní nǹkan bí 1908, ojú irin tí ó ti Èkó wá ti kọjá Ọ̀fà dé Ìlọrin. Láti ìgbà náà ni Ọ̀fà ti di ìlú tí àjèjì ń sọ̀ sí lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ojú irin kì í béèrè ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe kí ó tó gbé e. Ó gbé oníṣòwò wá, ó gbé òṣìṣẹ́ wá, ó sì gbé ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín pẹ̀lú lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá rẹ̀.

Ìgbà yìí náà ni káńtà dé. Nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó ní àwọn ìlú ojú irin, ẹ̀yìn káńtà ni ọjà wà. Akọ̀wé ni yóò na ọwọ́ mú un wá fún olùrà. Ẹni tí ó bá rò pé àìfọkàntán ènìyàn dúdú nìkan ni ó bí káńtà yóò ṣìnà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìlú òyìnbó. Ọdún 1916 ni Clarence Saunders ṣí ṣọ́ọ̀bù Piggly Wiggly ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, níbi tí olùrà ti lè wọlé fúnra rẹ̀, kí ó gbé agbọ̀n, kí ó mú ohun tí ó fẹ́ lórí pẹpẹ, kí ó tó lọ sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tuntun gbáà ni èyí jẹ́ nígbà náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn káńtà ni àṣà tí ó wọ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn káńtà, ìfọkàntán irú mìíràn ń ṣiṣẹ́, ó sì tóbi ju ti òkúta ẹ̀bá ọ̀nà lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwò ńláńlá a máa fún àwọn obìnrin oníṣòwò tí wọ́n mọ̀ ní ìgàn aṣọ àti àpótí ọjà láwìn. Àwọn wọ̀nyí yóò tún fún àwọn alárobọ̀ láwìn, àwọn alárobọ̀ yóò sì pín in kiri oko àti abúlé. Àwọn òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, wọn a gbé e fún wọn, wọn a sì padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ fi hàn bí wọ́n ṣe ń gba owó náà: olówó yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, kò sì ní dìde àfi bí ó bá gba owó rẹ̀. Ṣáájú wọn ni ológò ti wà, ẹni tí a rán lọ dógò ti ajigbèsè nínú ilé rẹ̀ títí ara yóò fi ni ìdílé rẹ̀ tí wọn yóò fi wá owó san.

Níhìn-ín pẹ̀lú, a kò lè sọ pé ọkàn rere ni ó gba owó. Ojú ará àdúgbò ni. Lílóṣòó òṣómàáló kì bá tí já mọ́ nǹkan kan bí àwọn tí ń kọjá kò bá mọ onílé, tàbí bí onílé kò bá bìkítà nípa ohun tí wọn yóò sọ. Bákan náà ni ó rí fún alájọ, tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lójoojúmọ́, tí ó ń fi àmì sí káàdì, tí ó sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà ní ìparí oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní ilé ìfowópamọ́, kò sì ní ọlọ́pàá. Ohun tí ó ní ni pé wọ́n mọ ilé rẹ̀.

4. Ìbọn àti irin

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìbọn ti pọ̀ nílùú, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yìn sì pọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó sọ ìdigunjalè di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, ní 1971 sì ni wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn mìíràn ní etíkun Bar Beach ní Èkó, lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Owó epo rọ̀bì gbéra sókè láti 1973. Owó Údójì tẹ̀ lé e ní 1975. Ilé tuntun pọ̀, ẹrù olówó iyebíye sì pọ̀ nínú wọn. Ìgbà náà ni irin ojú fèrèsé di ara ilé kíkọ́. Kò sí ẹni tí ń béèrè bóyá kí a fi irin sí i. Irú èyí tí a óò fi sí i ni wọ́n ń béèrè.

Adigunjalè yàtọ̀ sí olè tí àwọn àgbà mọ̀. Olè àtijọ́ ń bẹ̀rù kí wọ́n má mọ òun. Adigunjalè wá láti ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, yóò sì padà lọ síbẹ̀. Ààlè kò lè dá a dúró, nítorí pé kò sí nínú àwọn tí ààlè ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀ kékeré kì í ṣe ilé olówó. Kí ni ó gbé irin dé ibẹ̀? Ọrọ̀ ajé ni ó ṣàlàyé èyí ju ìwà lọ. Láti 1986 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, iye náírà já wálẹ̀, owó ọjà sì ń gòkè. Bí èrè orí agolo mílíìkì kan bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí a rà á, agolo kan ṣoṣo tí ẹnì kan bá mú lọ ti jẹ èrè orí agolo mẹ́wàá run. Obìnrin tí owó ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ohun tí ó wà lórí pẹpẹ lọ kò lè fara da irú òfò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe pé olè pọ̀ sí i nìkan. Agbára láti fara da olè kan ni ó dínkù. Ẹni tí ó bá ní púpọ̀ lè ṣe ìfọkàntán lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò ní ni wáyà wà fún.

Lẹ́yìn náà ni ìlú fẹ̀ sí i. Ní 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì sílẹ̀ ní Ọ̀fà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá láti ibi gbogbo. Ìbéèrè tí ó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọjà àtijọ́ ni, ‘Ọmọ ta ni ọ́?’ Ọ̀dọ́ tí ó dé lánàá, tí yóò lọ lẹ́yìn ọdún méjì, kò lè dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tí yóò ran olùtà lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ilé ìfowópamọ́ ní Ọ̀fà ní ojúmọmọ. Àwọn tí wọ́n pa lé ní 30, àwọn ọlọ́pàá sì wà lára wọn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dá ẹjọ́ ikú fún márùn-ún nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn náà kàn. Ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ohun kan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ilé ìfowópamọ́ ni ilé tí irin àti ìlẹ̀kùn rẹ̀ le jù lọ nínú ìlú. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ibi tí ìbọn wà. Ibi tí ìṣọ́ pọ̀ sí jù ni ikú ti wọlé. Irin lè dá ọwọ́ ọmọdé dúró lórí bisikíìtì. Kò lè ṣe ohun tí àlàáfíà ìlú kò bá ṣe.

5. Gíláàsì òkè òkun

Àfiwé kan yóò ran àlàyé yìí lọ́wọ́. Láti nǹkan bí 2020 sókè ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ní Amẹ́ríkà, irú bíi Walgreens, CVS àti Target, ti ń ti ọṣẹ, ìpara àti oògùn mọ́ inú àpótí gíláàsì ní ọ̀pọ̀ ìlú. Olùrà yóò tẹ aago, yóò dúró kí òṣìṣẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìlú tí Saunders ti sọ pé kí olùrà wọlé kí ó mú ohun tí ó wù ú ni ó tún ń padà sí ẹ̀yìn káńtà. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ Walgreens fúnra wọn fi jẹ́wọ́. Ní 2023, ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti ké jù nípa olè. Ní 2025, ọ̀gá àgbà wọn sọ pé ọjà tí a bá tì mọ́lé kì í tà tó bí ó ti yẹ.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín gíláàsì yẹn àti wáyà Ọ̀fà. Òṣìṣẹ́ tí ń mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀ kò mọ olùrà, kò sì ní àṣẹ láti fún un láwìn. Ṣùgbọ́n nínú ìsọ̀ oníwáyà, kì í ṣe ohun àjèjì láti rí ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè sí. Wọn a kọ ọ́ sí pátákó níta pé àwìn kò sí lónìí, kí wọ́n padà wá lọ́la. Síbẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún lálẹ́ yóò gba gaàrí àti ṣúgà láti inú ihò náà láìsan kọ́bọ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Irin wà fún ẹni tí a kò mọ̀. Àwìn wà fún ẹni tí a mọ̀. Nítorí náà, ìfọkàntán àtijọ́ kò kú. Inú wáyà ni ó ń gbé.

6. Ọ̀rọ̀ àjèjì

A kò gbọdọ̀ torí èyí sọ pé kí ayé padà sí àtijọ́. Ìtìjú tí ń ṣọ́ ọjà nígbà náà a máa jẹ aláìṣẹ̀ níyà pẹ̀lú olè. Àbúrò olè kò jalè, síbẹ̀ ó pàdánù ọkọ. Ìbéèrè ‘Ọmọ ta ni ọ́?’ a máa ṣílẹ̀kùn fún onílé, a sì máa tì í mọ́ àlejò. Wáyà kò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ihò kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá àti ọmọ bíbí Ọ̀fà ti ń gba ọjà. Iye kan náà ni wọ́n sì ń san. Bí ojú irin ṣe tutù tó, ó mú ọjà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ojú àdúgbò kì bá tí kà sí.

Ìṣòro tí ó kù ni bí a óò ṣe ní ìfọkàntán tí yóò gba àlejò mọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n jákèjádò Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ olùrà bẹ̀rẹ̀ sí fi tẹlifóònù ránṣẹ́ owó. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń fi álátì ayédèrú han olùtà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ olùtà ni ó máa ń di ọjà mú títí tẹlifóònù tirẹ̀ yóò fi dún. Ẹlẹ́rìí tuntun ni tẹlifóònù náà, gẹ́gẹ́ bí òkúta ti jẹ́ ẹlẹ́rìí láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n òkúta ní abúlé lẹ́yìn. Bí tẹlifóònù bá parọ́, ta ni olùtà yóò lọ bá? Bí ilé ẹjọ́ bá jìnnà, tí ọlọ́pàá bá ń gbowó kí ó tó gbọ́ ẹjọ́, tí ilé ìfowópamọ́ kò sì dáhùn, wáyà náà ni yóò tún máa dí sí i.

7. Ìkádìí

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ènìyàn kò fi ìgbà kan pàtẹ ọjà láìṣọ́ ọ. Ojú ará abúlé ṣọ́ ọ, ààlè ṣọ́ ọ, orúkọ ìdílé ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni káńtà, irin àti wáyà wá ń ṣọ́ ọ. Èyí tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ń ru ẹrù ìṣọ́ náà. Láyé àtijọ́, gbogbo abúlé ni ó ń rù ú, kò sì sí ẹni tí ó wúwo fún jù. Lóde òní, obìnrin kan ṣoṣo ni ó ń rù ú nínú ìsọ̀ rẹ̀: òun ni ó ra irin, òun ni ó ra àgádágodo, òun ni ó sì jókòó sínú àhámọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró níwájú wáyà tí ó sì sọ pé ayé ti bàjẹ́ kò tíì sọ òótọ́ tán. Ẹrù tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ ni obìnrin náà gbé rù. Ìgbà tí ìlú bá tún ní ohun tí yóò fi bá a gbé e, yálà ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí ẹnu rẹ̀ ká olè, tàbí ilé ẹjọ́ tí tálákà lè dé, ni yóò tó lè ṣí ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀, kí olùrà lè wọlé wá mú ọṣẹ fúnra rẹ̀.